Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ pákó ká tó máa jà lórí premier choix

Ọ̀gá olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn, àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ń gbádùn ẹ̀ gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀, ọ̀rọ̀ mi lè gùn torí ọ̀rọ̀ igi ni, iṣẹ́ igi ni mo sì fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Kétu wá síbí, pákó ni mò ń tà, ilẹ̀ páàkẹ́, ìyẹn ilẹ̀ onípákó, ni mò ń tẹ́.

Lẹ́tà òbí kan tí ẹ gbé jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló mú mi kọ èyí. Òbí náà ní àwọn òbí àtàwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nílé ìwé kan nílùú wa ń dá owó jọ kí wọ́n lè kọ́ gymnase, ìyẹn gbọ̀ngán eré ìdárayá tó ní òrùlé, káwọn ọmọ lè máa gbá básíkẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ kódà tí òjò bá ń rọ̀, inú mi dùn sí i gidi, irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ìjà ti wá ṣẹlẹ̀ nípàdé wọn. Apá kan ní igi maple láti Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní érable, premier choix (ìpele àkọ́kọ́) nìkan, làwọn máa tẹ́, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kúkú fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀ lásán. Apá kejì ní owó ò tó, kí wọ́n mú deuxième choix, ìpele kejì. Òbí tó kọ lẹ́tà wá parí ẹ̀ pé ẹni tó bá ra deuxième choix fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ló ń fi ṣeré. Gbólóhùn yẹn ni mi ò lè gbójú fò, ó sì dùn mí torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú un sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, choix igi ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọmọ. Ojú tó ń wo ilẹ̀ ló wà fún. Ohun tó ń dáàbò bo orúnkún ọmọ wà lábẹ́ pákó, ohun tó máa jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn pẹ́ wà nínú bí pákó ṣe gbẹ sí, tí ẹ bá wá ná gbogbo owó tán sórí ojú pákó, kí lẹ máa fi ṣe abẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí choix maple ti wá. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní MFMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe páàkẹ́ maple, láti 1897 ni wọ́n ti wà, àwọn ló ṣòfin bí wọ́n ṣe ń ṣa pákó ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. First ni wọ́n ń pe èyí tó ṣáájú, òun là ń pè ní premier choix, Second and Better tẹ̀ lé e, deuxième choix nìyẹn, Third ló gbẹ̀yìn, ìyẹn troisième choix. Ẹni tó ń ṣà á, ojú pákó ló ń wò bó ṣe ń kọjá níwájú ẹ̀, ṣé àwọ̀ ẹ̀ dọ́gba, ṣé kókó wà níbẹ̀, ṣé ilà dúdú kan gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó mọ́ tónítóní tí àwọ̀ ẹ̀ sì dọ́gba ni First. Èyí tó ní kókó kéékèèké tó dì mọ́ igi dáadáa, tí àwọ̀ ẹ̀ ń yàtọ̀ síra díẹ̀, Second nìyẹn. Third gba àbàwọ́n ojú tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ òfin ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé tẹ́ sílẹ̀, tó ṣeé lò. Bí ìpele bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni pákó kúkúrú á máa pọ̀ sí i nínú ìdì. Ó tán.

Ẹ kíyè sí ohun tí ẹni yẹn ò wò. Kò wo bí igi ṣe le, torí ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n lè là tí First àti Third á ti inú ẹ̀ jáde. Àwọn tó ń wọn líle igi ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Janka, wọ́n á fi agbára ti bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wọnú igi títí á fi rì dé ìdajì, wọ́n á wá ka iye agbára tó gbà. Maple tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ eré ń gba agbára 1,450 (pọ́ùn ni wọ́n fi ń kà á), óákù pupa 1,290, ìrókò tiwa 1,260, tẹ́ẹ̀kì bíi 1,070. Maple tó ní kókó lójú, ìwọ̀n maple náà ló ní. Nínípọn wọn náà ò yàtọ̀, mìlímítà 20 tàbí 26 ni, First lẹ rà o, Third lẹ rà o, iye ìgbà tí ẹ lè fi ẹ̀rọ họ ọ́ kí ẹ tún un kùn kan náà ni. Kókó lójú pákó dà bí ilà lójú èèyàn, ilà ò ní kéèyàn má lè roko.

Tí oníbàárà bá wá sọ́dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń to pákó mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kan nínú choix kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ni mo ti họ, tí mo ti fi fáníìṣì pa. Màá ní kó dijú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ nù wọ́n lọ nù wọ́n bọ̀, kó wá sọ èyí tó jẹ́ premier choix fún mi. Wọ́n á nù ún, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á fi èékánná họ ọ́, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Ojú ni wọ́n gbọ́dọ̀ là kí wọ́n tó mọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré ò lójú.

Ó yá, abẹ́ ilẹ̀. Tí ọmọ bá fò tó tún balẹ̀, agbára tó fi balẹ̀ ju ìwúwo ara ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ibìkan gbọ́dọ̀ gba agbára yẹn, tí ilẹ̀ ò bá gbà á, ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún á gbà á. Ilẹ̀ eré tó dáa, wọn kì í kan pákó mọ́ kọnkéré lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀rá nílọ́ọ̀nù tó nípọn sórí kọnkéré kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè, wọ́n á to rọ́bà kéékèèké sí i, wọ́n á to igi sórí rọ́bà náà ní ìlà ìlà, ìgbà míì wọ́n á tún tẹ́ pátákó pẹrẹsẹ sórí ìyẹn, kí wọ́n tó wá kan pákó tójú ń rí. Rọ́bà àti igi abẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ kó sì padà sípò.

Àwọn ará Yúróòpù ní òfin kan lórí ẹ̀ tó ń jẹ́ EN 14904, ti 2006, Faransé ń lò ó, àwa náà lè tẹ̀ lé e. Ó ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba 25 sí 75 nínú 100 lára agbára tí ẹsẹ̀ fi balẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ta padà sókè tó 90 nínú 100 iye tó máa ta tó bá jẹ́ orí kọnkéré ni, yíyọ̀ ẹ̀ náà ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ wà láàárín 80 sí 110, kó má yọ̀ jù, kó má sì di ẹsẹ̀ mú jù. Nínú gbogbo ìwọ̀n yìí kò séyìí tó ń béèrè bóyá kókó wà lójú pákó. Ẹ lè kan premier choix mọ́ kọnkéré láìsí rọ́bà, á dán, á wu ojú, ọmọ tó bá sì ń fò lórí ẹ̀ lọ́dọọdún lè máa di orúnkún mú. Ẹ tún lè tẹ́ troisième choix sórí rọ́bà tó dáa, kó sì yege ìdánwò yẹn pátápátá. Èwo ló wá ń fi ẹsẹ̀ ọmọ ṣeré nínú méjèèjì?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní àwọn tó ń gba owó gọbọi lórí básíkẹ́ẹ̀tì ń kọ́, kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní pákó tí kì í ṣe premier choix. Kó wo ilẹ̀ Boston Celtics, ẹgbẹ́ agbábásíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà. 1946 ni wọ́n ṣe é, igi wọ́n lásìkò yẹn torí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kì í tiẹ̀ ṣe maple, óákù ni, àjákù pákó kúkúrú kúkúrú ni wọ́n tò pọ̀ bí ẹní, ó lọ síbí ó lọ sọ́hùn-ún. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n lò títí di ìparí àwọn ọdún 1990, orí ẹ̀ sì ni Bill Russell, agbábọ́ọ̀lù wọn, ti gbá bọ́ọ̀lù lásìkò tó fi gba ife ẹ̀yẹ 11 láàárín 1957 sí 1969. Lóòótọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣàròyé lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n ní àwọn ibì kan wà tí bọ́ọ̀lù kì í fẹ́ ta dáadáa, ṣùgbọ́n irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá, ibi tí nǹkan ti tú tàbí tí igi abẹ́ ti yẹ̀, kò kan àwọ̀ tó wà lójú pákó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an, tí mi ò sì gbọ́ kí ẹnì kankan mẹ́nu bà nínú gbogbo ìjà yìí, ni omi. Kì í ṣe omi òjò nìkan o, omi inú afẹ́fẹ́ ni mò ń wí. Igi tí wọ́n gé, tí wọ́n là, tí wọ́n fi fáníìṣì pa, ó ṣì ń mu omi látinú afẹ́fẹ́, tí ọ̀rinrin bá pọ̀ á wú, tí ọyẹ́ bá dé á sún kì. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn sí i, ìbú ẹ̀ ló ń fẹ̀.

Maple tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀ eré, wọ́n ti mú un gbẹ nílé iṣẹ́ títí omi inú ẹ̀ fi ku 6 sí 9 nínú 100, torí gbọ̀ngán tí wọ́n ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú ọ̀rinrin ẹ̀ dúró láàárín 35 sí 50 nínú 100, lọ́jọ́ gbogbo, lẹ́ẹ̀rùn lójò. Ẹ wá wo Àjàṣẹ́ wa. Ọ̀sà nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nígbà òjò aṣọ tí ẹ sá sínú ilé ò ní gbẹ bọ̀rọ̀, bàtà aláwọ tí ẹ fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì á hu funfun. Níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá dúró sí 80 nínú 100, igi á mu omi títí tiẹ̀ náà á fi tó bíi 16 nínú 100. Gymnase ilé ìwé wa, ta ló fẹ́ máa tan ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀ tọ̀sán tòru, ta ló fẹ́ san owó iná ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Pákó maple tí wọ́n sábà ń lò fẹ̀ tó mìlímítà 57. Tí omi inú ẹ̀ bá gòkè láti 8 dé 14 nínú 100, pákó tí wọ́n là ní pẹrẹsẹ lè fẹ̀ sí i ní mìlímítà kan àti díẹ̀. Mìlímítà kan, ta ló máa rí i? Ṣùgbọ́n pápá básíkẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ní mítà 15, pákó bíi 263 ló máa jókòó ti ara wọn kí ìbú yẹn tó kún, mìlímítà kan lọ́nà 263, a ti ń sọ ti sẹ̀ǹtímítà 26. Òótọ́ ni pé igi á fún ara ẹ̀ mọ́ra díẹ̀, tí kì í sì í ṣe gbogbo pákó ni wọ́n là ní pẹrẹsẹ, ká tiẹ̀ ní ìdajì ìyẹn ló ṣẹ́ kù, ibo ló máa gbà? Á ti ògiri. Tí ògiri ò bá yẹ̀ fún un, òun fúnra ẹ̀ á dìde.

Mo ti fojú rí i nílùú kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ra igi tó rẹwà, premier choix lóòótọ́, wọ́n tẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n fún un mọ́ra pinpin, wọ́n sì tẹ́ ẹ kan ògiri níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi àyè kankan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi pè mí pé kí n wá wò ó, òjò ti rọ̀ dáadáa, àárín ilẹ̀ ti gbé ara ẹ̀ sókè láti òpin kan dé èkejì, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á ró gbùù, á wọlẹ̀, á tún dìde lẹ́yìn yín. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn sí ìdí ògiri ti ṣí, ibi tí pákó ti ti ògiri ti sán. Mo fi ọwọ́ lásán fa ìṣó kan yọ. A wá tú pákó kan wò, ojú ẹ̀ mọ́, kò sí kókó kan níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ti dúdú, ó ti hu, torí wọn ò tẹ́ ọ̀rá sórí kọnkéré rárá, omi ilẹ̀ ń gòkè láti ìsàlẹ̀, omi afẹ́fẹ́ ń wọlé láti òkè. Gbogbo owó yẹn. Àwọn ọmọ padà síta lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ò le. Kí kọnkéré gbẹ dénú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù ni. Kí òrùlé, fèrèsé àti ilẹ̀kùn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí pákó tó wọlé. Kí wọ́n tú ìdì pákó nínú gbọ̀ngán yẹn gan-an, kí wọ́n tò ó kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín ẹ̀ kọjá, kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí omi inú ẹ̀ á fi bá ti ibẹ̀ dọ́gba, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò wọ́n, iye owó ìdì premier choix mélòó kan á rà á. Kí wọ́n fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ nídìí ògiri yíká, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí ògiri á bò ó, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Níbi tí ọ̀rinrin bá sì pọ̀ bíi tiwa yìí, ẹni tó mọṣẹ́ á máa fi àlàfo tín-ín-rín sáàárín pákó ní ìlà mélòó kan síra, kí wíwú lè rí ibi gbà. Ará Ṣábẹ tó bá ń ka èyí, tiyín tún yàtọ̀ o, ọyẹ́ yín le ju tiwa lọ, tí ọ̀rinrin bá wálẹ̀ sí 30 nínú 100, omi inú igi á wálẹ̀ sí bíi 6, àlàfo á là láàárín pákó tó bá jẹ́ pé ó tutù lẹ tẹ́ ẹ. Káfíńtà tó bá ní ọ̀nà kan náà lòun ń gbà tẹ́ ẹ ní Àjàṣẹ́ àti ní Ṣábẹ, ẹ má gbéṣẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé orí igi tiwa, torí ó ń ṣe mí ní kàyéfì pé nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn kò sẹ́ni tó dárúkọ tẹ́ẹ̀kì. Tẹ́ẹ̀kì ń bẹ ní igbó Kétu, ó ń bẹ ní igbó Lama, ONAB, iléeṣẹ́ igi tó jẹ́ ti ìjọba, ń gé e, ó ń tà á, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ń wá rà á lọ. Tí ẹ bá fi ọ̀rinrin kan náà kan tẹ́ẹ̀kì àti maple, wíwú tẹ́ẹ̀kì ò ju bí ìdajì ti maple lọ. Fún ìlú ẹ̀bá ọ̀sà, ìwà nìyẹn tí mo fẹ́ lára igi ju funfun lọ. Ó rọ̀ ju maple lọ lóòótọ́, mo ti ka ìwọ̀n ẹ̀ sókè, tí ẹ bá wọ́ àga irin lórí ẹ̀ láìfi nǹkan sábẹ́ á dá ojú sí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan nu òróró ara ẹ̀ kúrò kí ẹ tó kun fáníìṣì, tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fáníìṣì á bó. Ṣùgbọ́n fún ilé ìwé, tó tó. Igi apá ní tiẹ̀ le ju maple lọ, kì í sì í wú púpọ̀, ẹnu mi ì bá dùn láti sọ pé kí ẹ lò ó, àmọ́ wọ́n ti fi sínú ìwé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi, láti 2023 pẹ̀lú àwọn igi tí wọ́n ń ṣọ́ kí wọ́n má bàa tán, tí ẹni tó ń tà á ò bá lè fi ìwé hàn yín pé ọ̀nà ẹ̀tọ́ ló gbà gé e, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Tó bá wá jẹ́ tẹ́ẹ̀kì lẹ fẹ́, ibẹ̀ ni choix ti gbọ́dọ̀ kàn yín, ìdí ẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti maple pátápátá. Funfun maple tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ yẹn, ìta igi ni, ibi tó sún mọ́ èèpo. Tẹ́ẹ̀kì náà ní funfun yẹn létí, tiẹ̀ sì burú, torí àárín tó pọ́n yẹn ni ikán ń sá fún, funfun etí ẹ̀ ni oúnjẹ wọn, àtàwọn kòkòrò tó máa ń lu igi tí ìyẹ̀fun á máa dà sílẹ̀. Tẹ́ẹ̀kì tí kò tíì dàgbà, funfun yẹn pọ̀ lára ẹ̀. Mo ti rí pákó tẹ́ẹ̀kì tí kò ní kókó kankan, tó gùn, tó tọ́, tí wọ́n kọ premier choix sí, ìdámẹ́ta ẹ̀ sì jẹ́ funfun. Mo ti rí èyí tí kókó mẹ́ta wà lójú ẹ̀ tí gbogbo ara ẹ̀ pọ́n láti etí dé etí, deuxième choix ni wọ́n pè é, owó ẹ̀ wálẹ̀. Èyí kejì yìí ni màá tẹ́ sábẹ́ ọmọ mi, kí n má fọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ tún rántí pé lọ́dọ̀ wa níbí, MFMA kankan ò wá ṣa tẹ́ẹ̀kì fún wa, ẹnu ẹni tó ń tà á ni premier choix wà. Mo wà nínú ọjà yìí, mo mọ bó ṣe ń lọ, oníṣòwò méjì lè fún ìdì kan náà ní orúkọ méjì. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sínú ìwé àdéhùn: kókó tó bá tú tàbí tó lè jábọ́, rárá, funfun lójú pákó, rárá, omi inú igi, iye báyìí, a ó wọ̀n ọ́n níwájú yín kí a tó gbà á, nínípọn, iye báyìí. Tó bá ti wà nínú ìwé, ẹ lè pè é ní choix tó bá wù yín.

Fún àwọn tó ṣì ń wí pé maple ni dandan, ẹ lè rà á láìtáwó nù. Pápá básíkẹ́ẹ̀tì gùn ní mítà 28, ó fẹ̀ ní 15, ìyẹn 420 ní mítà onígun mẹ́rin. Tí ẹ bá fi mítà 2 yí i ká bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó di 608. Àyè mítà 2 yẹn, ọ̀dà aláwọ̀ ni wọ́n sábà fi ń kùn ún, bùlúù tàbí pupa, abẹ́ agbọ̀n méjèèjì náà wọ́n máa ń kùn ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 4.9 lọ́nà 5.8. Tí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, bíi 245 nínú 608 ló máa wà lábẹ́ ọ̀dà. Ta ló máa rí kókó lábẹ́ ọ̀dà bùlúù? Ẹ tẹ́ troisième síbẹ̀, ẹ tẹ́ deuxième sí ìyókù, ẹ kàn rí i pé líle àti nínípọn kan náà ni, kí omi inú wọn sì dọ́gba. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra rọ́bà, ẹ fi ra ọ̀rá, ẹ fi ṣe fèrèsé gbígbòòrò lókè ògiri kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Premier choix ní ibi tó yẹ ẹ́, gbọ̀ngán ńlá tí tẹlifíṣọ̀n ń wá yà, tí iná ńlá ń tàn sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ó mọ́ kárí lójú kámẹ́rà, mi ò bá a jà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ìtọ́jú ẹ̀: ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ń fọ kíláàsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ wọ gymnase yẹn. Ìgbálẹ̀ rírọ̀ àti aṣọ tó rin díẹ̀ tó fún un. Òrùlé tó bá ń jò, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n dí i, kò gbọ́dọ̀ dọjọ́ kejì.

Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé ìdíyelé tí wọ́n ti fún yín wò kí ẹ tó dìbò lórí choix. Tó bá jẹ́ orúkọ igi àti choix ẹ̀ ni wọ́n fi kún ojú ewé, tí kò sí ohun tí wọ́n kọ nípa ọ̀rá, nípa rọ́bà, nípa iye omi inú igi, nípa àyè ìdí ògiri, ẹ dá a padà fún wọn kí wọ́n tún un kọ. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Wàndó, pákó mẹ́ta tí mo wí yẹn ṣì wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn omi inú igi wà níbẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Òbí tó kọ lẹ́tà ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wá, tó bá wù ú kó mú ọmọ ẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín,

Oníṣòwò pákó kan, ọmọ Kétu, Àjàṣẹ́